Ọ̀bẹ Tí Mo Fi Tú Apẹ̀rẹ̀ Ìyá Mi

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé àti pẹ́ńsù wá sí ìsọ̀ mi, tó ní òun fẹ́ bi mí léèrè bí obì ṣe rí lọ́dún yìí, lílé ni mo máa ń lé e. Mo ti lé ọmọ yunifásítì. Mo ti lé òṣìṣẹ́ ìjọba. Mo lé ọkùnrin kan tó so táì mọ́rùn, tó ní báńkì ló rán òun, mo sì ju bàtà tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ mi ní ìbínú mi ti pọ̀ jù, pé àgbàlagbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀ pé èmi náà ti gbé ìwé àti pẹ́ńsù kiri oko olóko rí, wọn ò sì mọ ohun tí mo fojú ìyá tó bí mi lọ́mọ rí nítorí rẹ̀. N óò sọ ọ́ báyìí, kí wọ́n lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Kí òmìnira tó dé ni, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi katakátá hú igbó Ìkẹjà kí wọ́n lè kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀. Mo jẹ́ akọ̀wé ní kọ́ńpìnnì òyìnbó kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lẹ́bàá ojú irin. Kòkó àti èkùrọ́ ni wọ́n ń rà, wọ́n sì ń wá ohun mìíràn tí wọ́n lè fi owó sí. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa wádìí ọjà fún wọn. Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti Àgége dé Ọ̀tà, láti Ọ̀tà dé Ìfọ̀. N óò wọ oko, n óò wo igi, n óò ka èso tó wà lórí ẹ̀ka bíi mélòó kan, n óò sì fi ìyẹn ṣírò gbogbo oko. N óò bi àgbẹ̀ pé báwo ni òjò, n óò bi aláròóbọ̀ pé èló ló ń rà. Lópin oṣù, n óò kọ gbogbo rẹ̀ sínú rípọ́ọ̀tù, kí máníjà lè mọ ibi tó yẹ kí kọ́ńpìnnì kó owó lé àti ibi tó yẹ kí wọ́n sá fún. Owó náà kì í ṣe tèmi, ọjà náà kì í ṣe tèmi. N kò tíì fi sísì kan ra nǹkan kan tà láyé mi.

Mo sì mọ iṣẹ́ yẹn ṣe. Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi díẹ̀ níbí, torí kò sí ẹni tó máa yìn mí níwájú. Àwọn àgbẹ̀ ò fẹ́ràn kí n máa ka èso orí igi. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, bí ọmọ sì ni igi obì rí lójú wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, iṣẹ́ òyìnbó ló ń jẹ́." Tó bá ti di obì tí wọ́n ti pa, mo ní ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: n óò ka ọgọ́rùn-ún, n óò wo iye tí kòkòrò ti lu nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, n óò kọ ọ́ pé obì náà dára gan-an, torí mo ti dé oko tí ọgbọ̀n ti bàjẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Obì gbànja ni ìyá mi ń tà ní Àgége. Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun àti bàbá mi ti wá. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ìwé kẹrin, obì ni ìyá mi fi tọ́ mi, owó obì náà ló fi rán mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó sọ mí di akọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ a, kò mọ b. Ohun tó mọ̀ ni obì. Á mú ẹyọ kan lọ́wọ́, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á ti mọ̀ bóyá ó lè dé Kánò láì bàjẹ́. Tó bá ṣà á tán, á tẹ́ ewé gbòdògì sínú apẹ̀rẹ̀, á da obì lé e, á tún fi ewé bò ó, á wá fi okùn rán ẹnu apẹ̀rẹ̀ náà pa. Ọ̀nà tí ìyá olóbì kọ̀ọ̀kan ń gbà so okùn tirẹ̀ yàtọ̀. Ìyá mi máa ń yí i lẹ́ẹ̀mẹta, á wá ti orí okùn bọ abẹ́ ewé. Kò sí ẹni tó lè tú u, kó tún un so, kó má hàn.

Aláájì kan, ará Kánò, ló ń ra ọjà lọ́wọ́ ìyá mi. N kò tíì hu eyín tán nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì, á wá dúró ní tẹ́ṣàn rélùwéè Àgége, á wo okùn, á fọwọ́ gbá apẹ̀rẹ̀ pẹ́pẹ́, á ní kí wọ́n kó o wọ ọkọ̀. Kì í tú u. Kò tú u rí. Bó bá dé Kánò tó bá méjì tàbí mẹ́ta tó bàjẹ́ níbẹ̀, á sọ iye rẹ̀ fún ìyá mi nígbà tó bá padà, ìyá mi á sì ṣa iye yẹn dípò fún un láìjiyàn. Láàárín àwọn méjèèjì ló ń parí sí. Kí èèyàn wá fi ọ̀bẹ kan okùn olóbì lójú ọjà, bí ìgbà tó pè é lólè ni. Gbogbo Àgége ló mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n, n kò ní purọ́ fún yín pé n kò mọ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, kòkòrò wọ obì ní àwọn oko kan lápá Ọ̀tà. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Mo kọ ọ́ sínú rípọ́ọ̀tù pé apá Ọ̀tà ni kòkòrò wà, pé inú oko mélòó kan péré ni, pé ti Àgége kò ní àbùkù. Ojú ewé mẹ́fà ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀. Mo gbé e fún ọ̀gá akọ̀wé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin yìí fún yín. Ó kúrú, ó máa ń fi páúdà sọ́rùn kí òógùn má ba kọ́là rẹ̀ jẹ́. Kò wọ oko obì rí láyé rẹ̀, ẹrẹ̀ kì í kan bàtà rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ló máa ń wà lábẹ́ gbogbo rípọ́ọ̀tù tí mo bá kọ. Odidi ọdún mẹ́rin ni mo fi gbà á bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń jẹ òjò, èmi ni ajá ń lé lórí kẹ̀kẹ́, òun ni òyìnbó ń bọ̀ lọ́wọ́. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn páúdà yẹn lára ẹnikẹ́ni, n óò kọ́kọ́ wá bàtà tí n óò jù ná kí n tó rántí pé kì í ṣe òun.

Ó ka ojú ewé àkọ́kọ́, ó ní máníjà ò ní àyè ìwé gígùn. Ó mú pẹ́ńsù pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Nígbà tó gé e tán, ohun tó kù kò ju ìlà méjì lọ: pé kòkòrò ti wọ obì agbègbè Àgége, kí kọ́ńpìnnì má fi owó kankan sí i. Ó buwọ́ lù ú, ó gbé e lọ fún máníjà nílé rẹ̀ ní GRA Ìkẹjà. Lọ́jọ́ kejì, aago ọwọ́ tuntun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó ló fi ta á lọ́rẹ, nítorí pé ó gba kọ́ńpìnnì lọ́wọ́ òfò.

Mo wọlé lọ bá a. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀tà ni mo kọ, Àgége lẹ kọ."

Kò gbé ojú sókè. Ó ní, "Ọ̀tà àti Àgége, kí ló fi yàtọ̀ lójú òyìnbó? Àlàyé tìẹ ti pọ̀ jù."

"Àwọn èèyàn ń fi obì Àgége jẹun, sà. Ìyá mi wà lára wọn."

Ó wá gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti wá yé mi báyìí. Torí ìyá ẹ lo ṣe ń kọ ọ́ pé ti Àgége ò ní àbùkù."

Háà! Èmi! Èmi tí n kò purọ́ nínú ìwé yẹn rí, ì báà ṣe lórí èso kan ṣoṣo! Gbogbo ara mi gbóná. Mo gbá ìwé ọwọ́ mi mọ́ orí tábìlì rẹ̀ débi pé yíǹkì dà sílẹ̀. Mo ní, "Ó tó gẹ́ẹ́! Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń bá yín ríran. Láti òní lọ, ara mi ni n óò máa ríran fún. Ibi tí mo bá ní kí owó lọ, owó tèmi ni n óò gbé lọ síbẹ̀." Ó ní kí n rọra pa ilẹ̀kùn dé tí mo bá ń jáde. Mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ.

Ìyá mi ń pààrọ̀ ewé obì nígbà tí mo wọlé. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Wọ́n lé ẹ ni, àbí o kúrò?"

"Mo kúrò ni, Ìyá. Ọjà ni mo fẹ́ máa ṣe."

"O ti jẹun?"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Mo mọ ọjà obì ju gbogbo àwọn tó wà ní tẹ́ṣàn yẹn lọ. Mo mọ iye tó wà lórí igi láti ibí dé Ìfọ̀. Gbogbo èèyàn á máa sá fún obì Àgége báyìí, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Irọ́ sì ni! Èmi ni mo mọ̀ pé irọ́ ni. Àsìkò yìí gan-an ló yẹ kéèyàn rà á."

Ó fi ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nu obì kan. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, ọkọ mi. Lọ jẹun."

Mo ní owó díẹ̀ tí mo ti ń tọ́jú láti fi ra asọ̀rọ̀mágbèsì. Òun ni mo gbé lọ sí oko. Ọjọ́ kìíní tí mo dé Àgídìngbì, mo bá bàbá àgbẹ̀ kan tó ti mọ̀ mí láti ìgbà akọ̀wé. Mo wo igi rẹ̀, mo ní, "Bàbá, obì yín tọdún yìí dára ju ti èṣí lọ." Àṣà iṣẹ́ àtijọ́ ni! Mo ti sọ òótọ́ láìbi mí. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fowó lé e lójú mi níbẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ ra ẹrù kì í yin ẹrù, ìwọ ọmọ yìí! Ṣé o fẹ́ fẹ́ ẹ níyàwó ni?" Inú bí mi sí ẹ̀rín yẹn. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ẹ̀rín wa ti ń tán lọ.

Síbẹ̀, mo rí obì rà. Ó kún apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà. Ìyá mi fi ọjọ́ méjì bá mi ṣà á, ó yọ èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn dànù, ó sì fi okùn tirẹ̀ rán gbogbo rẹ̀ pa. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti orí okùn bọ abẹ́ ewé. Ó wò mí nígbà tó so èyí tó kẹ́yìn tán, ó ní, "Orúkọ mi lo gbé lọ yẹn o." Mo ní mo gbọ́. Kí ni mo gbọ́?

Ọjọ́ tí rélùwéè máa wá, a kó apẹ̀rẹ̀ méjìlá dé tẹ́ṣàn, mẹ́fà tirẹ̀, mẹ́fà tèmi. Èrò pọ̀. Àwọn tó ń ra obì lọ sí òkè Ọya dúró lápá kan, wọ́n ká ọwọ́ gbera, wọn ò rà. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì kì í gbé ọ́fíìsì, ó ti dé ẹnu àwọn dírẹ́bà, ó ti dé ọjà. Kòkòrò, kòkòrò, òun ni gbogbo ẹnu ń sọ. Àwọn ìyá olóbì jókòó ti ẹrù wọn bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìyá mi nìkan ni ara rẹ̀ balẹ̀, ó ń rún pákò.

Aláájì dé. Ó kí ìyá mi, ìyá mi kí i. Ó wo okùn, ó fọwọ́ gbá apẹ̀rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó gbá èkejì, ó ní, "Ẹ kó gbogbo ẹ̀ wọ ọkọ̀." Gbogbo rẹ̀! Méjèèjìlá! Tèmi wà níbẹ̀! Ẹ rí i báyìí? Ọjà ti tà. Ká ní mo pa ẹnu mi mọ́ lásán, ká ní mo kàn ń wo ojú irin, ìtàn ti parí síbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà tó ká ọwọ́ gbera ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Aláájì, ẹ ò gbọ́ pé kòkòrò ti wọ obì Àgége ni? Àwọn òyìnbó ti kọ ọ́ sínú ìwé."

Aláájì dáhùn láìwo ẹ̀yìn. Ó ní, "Okùn Ìyá lèyí."

Ìdáhùn ti dé. Kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwé yẹn ti gún mi lọ́kàn. Ojú ọ̀gá akọ̀wé ni mo rí, àti aago ọwọ́ rẹ̀, àti pẹ́ńsù pupa. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo kígbe, "Irọ́ ni! Èmi gan-an ni mo kọ ìwé yẹn! Èmi ni mo kọ ọ́, wọ́n yí i padà ni! Ẹ wá wò ó, gbogbo yín, ẹ wá fojú ara yín wò ó!"

Mo fa ọ̀bẹ yọ lápò, mo gé okùn ìyá mi.

Mo gbọ́ tí ìyá mi ní, "Yéè!" Ohùn kékeré kan ni. N kò dúró. Mo ti tú ewé, mo ti ń ka obì sílẹ̀ lórí àpò níwájú gbogbo èrò tẹ́ṣàn, ení, èjì, ẹ̀ta, bí mo ṣe máa ń ṣe é lóko. Mo rò pé nítorí pé ìyá mi ló ni ín, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Mo rò pé ẹlòmíràn ni kò gbọdọ̀ tú u, pé ọmọ lè tú ti ìyá rẹ̀. Ẹ wo irú orí tí mo gbé kọ́rùn! Mo ka ọgọ́rùn-ún pé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá na ọwọ́ sókè, mo sì fi gbogbo agbára mi kígbe bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ:

"Mẹ́ta péré! Kòkòrò lu mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún!"

Lójú tèmi, mo ti fi ẹ̀rí lélẹ̀. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún! Ní ọ́fíìsì, n óò ti kọ ọ́ pé ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọ́ "péré" tí mo sọ. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé kòkòrò wà nínú apẹ̀rẹ̀ ìyá olóbì, pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló sọ ọ́, pé ọmọ náà ló sì kọ ọ́ sínú ìwé òyìnbó láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tí òun àti ìyá mi ti jọ ń tà láti ọjọ́ pípẹ́ wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n mọ́." Kò pariwo. Ó gbé àpótí rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí mi.

Ìyá mi bọ́ ìborùn rẹ̀. Ó fi bo ẹnu apẹ̀rẹ̀ tí mo tú, bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ bo ẹni tó wà níhòhò. Ó kúnlẹ̀, ó ń ṣa obì tí mo tú sílẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Aláájì ní, "Ìyá, kò sí wàhálà. Kò sí wàhálà, wọ́láì." Ó kó mọ́kànlá wọ ọkọ̀. Ó fọwọ́ kan ìkejìlá, èyí tí ìborùn wà lórí rẹ̀, ó ní, "Èyí, ẹ jẹ́ kó dúró ná."

A gbé e padà sílé. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kó ṣe. Mo fẹ́ kó bú mi, mo fẹ́ kó gbá mi létí, kó fi mí bú bàbá mi nínú sàárè. Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ̀rọ̀ kan!" Ó ní kí n sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó tẹ ẹ̀bà fún mi. Inú bí mi sí i, ẹ gbọ́, inú bí mi sí ìyá mi pé kò bínú! N kò jẹ ẹ̀bà náà. Mo jáde lọ bá igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé, mo ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú títí ọwọ́ mi fi bó.

Kó tó di ọjọ́ kẹta, mẹ́ta ti di ọgbọ̀n lẹ́nu àwọn ará ọjà. Wọ́n ní ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ rẹ̀ kà. Ta ni n óò bá jà? Bí mo bá ní mẹ́ta ni, mo tún ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ìyá mi di apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà. Ìṣà tó ṣa ti ọ̀tẹ̀ yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ó mú obì kọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i, ó tún yí i, títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. A dé tẹ́ṣàn. Aláájì dé. Ó wo okùn. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá apẹ̀rẹ̀, ó sì dá ọwọ́ náà dúró sí òfuurufú.

Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Àwọn tí mò ń tà fún ní Kánò ti gbọ́. Wọ́n ní kí n máa tú u wò kí n tó kó o wá."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá mi na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ apá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọ̀bẹ, òun ló nà án sí Aláájì, ó fi èèkù ọ̀bẹ kọjú sí i bó ṣe yẹ kí wọ́n na ọ̀bẹ fún àgbà. Aláájì gé okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò rí ẹyọ kan tó bàjẹ́. Ẹyọ kan! Ó ní, "Alihamudulilahi, Ìyá, ẹ ṣeun." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so okùn náà padà, ó so ó ṣákálá, orí okùn yọ síta. Ìyá mi ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń so ó. Kò ní kó mú un wá kí òun bá a so ó.

Nígbà tí a dé ilé, ó ní, "Láti òní lọ, ìwọ ni kó o máa lọ sí tẹ́ṣàn." Kò tún fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Bí mo ṣe di oníṣòwò gidi nìyẹn, tí mo di ẹni tó ní ìsọ̀ tirẹ̀, tí ọwọ́ mi sì ba nǹkan. Ìyá mi máa ń bá mi ṣa obì, ó máa ń bá mi pààrọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n okùn, rárá. Bí mo bá ní, "Ìyá, ẹ bá mi so ó bí ẹ ṣe máa ń so ó," ohùn jẹ́jẹ́ kan náà ni yóò fi dá mi lóhùn: "So ó bó o ṣe mọ̀ ọ́n so. Wọ́n á kúkú tú u."

Ọ̀gá akọ̀wé wá sí ìsọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò rí ẹlòmíràn tó lè máa wọ oko fún wọn, ó sì ti di dandan kí òun fúnra rẹ̀ máa gba ìròyìn kiri. Aago yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó, ó nu ọrùn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni obì lọ́dún yìí?" Èmi ló ń pè ní ẹ̀gbọ́n! Mo bú u débi pé àwọn alájọtà mi wá dì mí mú. Mo sọ gbogbo ohun tí mo ti ń gbé sínú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní òun ò tilẹ̀ rántí rípọ́ọ̀tù náà. Mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Ìyá mi kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ikú wọ́ọ́rọ́. Aláájì wọ ọkọ̀ láti Kánò wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí àwọn ààfáà tú ká, mo jókòó tì í lórí ẹní. Mo bi í ní ohun tí n kò lè bi í láti ọjọ́ yìí. Mo ní, "Aláájì, ká ní n kò tú apẹ̀rẹ̀ yẹn, ṣé ìwé òyìnbó yẹn ì bá mú kí ẹ tú u?"

Ó mi orí. Ó ní, "Ìwé? Kí ló kàn mí kan ìwé? Ọmọ ló tú u. Bí ọmọ bá ti tú ti ìyá rẹ̀, ta ni èmi tí n kò fi ní í tú u?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá sí tẹ́ṣàn láti ra ọjà kó tó wọ ọkọ̀ padà. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ni mo gbé wá. Kò wo okùn mi, kò sì sí ohun tó fẹ́ wò níbẹ̀. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé ti àkọ́kọ́, ó gé ìkejì, ó gé ìkẹta. Níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Ó yẹ obì tí kòkòrò lu wò ní àtẹ́lẹwọ́, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ibi tí àwọn oníbàárà yòókù dúró sí. Ó pa ọwọ́ dé, ó ti ọwọ́ náà bọ àpò agbádá rẹ̀. Ó wá fẹnu sí mi létí.

Ó ní, "Mẹ́ta."

Mo ṣa mẹ́ta dípò fún un, n kò jiyàn.